Ẹni Tó Gbé Fóònù Lè Má Jẹ́ Ẹni Tó Mọ Ọmọ

Nínú gbogbo ìwádìí tí à ń fi fóònù ṣe lọ́dọ̀ àwọn ìdílé, èyí tó dá lórí ọmọdé ló le jù. Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í gbé ìpè. Ohun yòówù tí a bá fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu àgbàlagbà la ó ti gbọ́ ọ, àgbàlagbà ọ̀hún sì lè má sí nílé nígbà tí ọmọ jẹun, nígbà tí ara rẹ̀ gbóná lóru, tàbí nígbà tí wọ́n dá a padà láti ilé ìwé. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀pọ̀ ìwé ìbéèrè, àfi bí ẹni pé ilé ló máa dáhùn. Mo gbà pé ibi tó yẹ kí gbogbo ètò ti bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọmọ wo là ń béèrè, ta ló sì mọ̀ ọ́n dáadáa?

Èyí kò sọ pé kí a pa fóònù tì. MICS, ìwádìí ojúkojú tí UNICEF bẹ̀rẹ̀ ní àárín ẹ̀wádún 1990, ń rán ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń wọn gíga ọmọ, wọ́n ń gbé e lé ìwọ̀n, wọ́n ń yẹ káàdì àjẹsára rẹ̀ wò. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì ní orílẹ̀-èdè kan náà. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ ọmọ ti dín kù láti oṣù méjì sẹ́yìn kò lè dúró dè é. Nígbà tí àrùn COVID-19 dí ọ̀nà pa ní 2020, fóònù ló kù. Ní Nàìjíríà, National Bureau of Statistics àti Báńkì Àgbáyé mú ìdílé 3,000 nínú àwọn tí wọ́n ti bẹ̀ wò nínú ìwádìí General Household Survey ti 2018/19, wọ́n pè wọ́n, wọ́n sì bá 1,950 parí ọ̀rọ̀ ní ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn ìdá 65 nínú 100. Young Lives, tó ti ń tọ àwọn ọmọ kan lẹ́yìn láti 2002 ní Etiópíà, Íńdíà, Peru àti Vietnam, fi fóònù pe àwọn ọmọ náà, tí wọ́n ti di géńdé, lọ́dún 2020 yẹn. Orí èrò kan náà ni UNICEF gbé MICS Plus kà: wọ́n á gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ìdílé tí wọ́n bẹ̀ wò lójúkojú, wọ́n á wá máa pè é lóòrèkóòrè. Ohun tó mú kí àwọn wọ̀nyí rọrùn ni pé nọ́ńbà ti wà nílẹ̀, ẹni tí wọ́n pè sì ti rí wọn rí.

Ibi tí nọ́ńbà ti wá

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ìdílé láti inú ìwádìí ojúkojú tó ti kọjá. Èkejì ni kí kọ̀ǹpútà máa hun nọ́ńbà fúnra rẹ̀, kí a sì máa pè é bó ṣe bọ́ sí. Tí èkíní bá wà, má wo èkejì rárá. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà hun lè jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò lò, ó lè jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù tàbí ti ọ́fíìsì, ó sì lè jẹ́ ti ọ̀dọ́ tó ń dá gbé tí kò sí ọmọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìdílé tó ní síìmù mẹ́ta ní àǹfààní ìlọ́po mẹ́ta láti bọ́ sínú ìwádìí ju ìdílé tó ní ẹyọ kan lọ. Tó bá di dandan kí o gba ọ̀nà yìí, béèrè iye síìmù tí àwọn àgbàlagbà inú ilé ń lò lápapọ̀, kí o lè fi iye yẹn pín òṣùwọ̀n ìdílé náà, ìyẹn iye ìdílé tó dúró fún nínú èsì, nígbà ìṣirò. Ìwádìí tó bá gbàgbé ìbéèrè kan ṣoṣo yìí kò ní í rí ọ̀nà àtúnṣe mọ́.

Bó bá jẹ́ pé ìwọ ló ń ṣe ìwádìí ojúkojú lónìí, gba nọ́ńbà sílẹ̀ de ọ̀la. Má gba ẹyọ kan. Gba ti olórí ilé, ti olùtọ́jú ọmọ, àti ti ẹbí tàbí aládùúgbò kan tí kì í gbé nínú ilé náà, kí o sì kọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pe nọ́ńbà náà níbẹ̀ kí o tó dìde, kó dún létí gbogbo yín. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ ní àṣìṣe wà lára ohun tó ń pa ìwádìí fóònù kó tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú kan péré sì tó láti dènà rẹ̀.

Àwọn tí kò ní fóònù ń kọ́? Àwọn ìdílé wọ̀nyí sábà máa ń tòṣì ju àwọn tó kù lọ, wọ́n máa ń jìnnà sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti sí ilé ìwòsàn, ìyà sì máa ń jẹ ọmọ wọn jù. Nítorí náà, èsì tí a fi fóònù kó jọ máa ń fẹ́ dára ju bí nǹkan ṣe rí lọ. Àyẹ̀wò kan wà tí mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni. Mú èsì ìwádìí ojúkojú àtijọ́ jáde. Ṣírò iye ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, fún gbogbo ìdílé. Tún un ṣírò fún kìkì àwọn ìdílé tó ní fóònù. Àlàfo tó bá wà láàárín èsì méjèèjì fi ibi tí fóònù yóò máa fà ọ́ sí hàn, àti bó ṣe máa fà ọ́ tó. Tí àlàfo náà bá jẹ́ ìdá 2 nínú 100, o lè máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ ìdá 12, má ṣe fi fóònù nìkan sọ̀rọ̀ nípa ilé ìwé ní ibẹ̀.

Iye ìdílé tí a ó pè

Àṣìṣe ńlá kan wọ́pọ̀ níbí: iye ìdílé ni wọ́n máa ń ṣírò, wọn kì í ṣírò iye ọmọ. Ká sọ pé a fẹ́ mọ iye ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tí wọ́n ṣàìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a sì fẹ́ kí àṣìṣe má ju ìdá 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sódò, pẹ̀lú ìdánilójú ìdá 95 nínú 100. Ìṣirò tó rọrùn jù yóò fún wa ní ọmọ 384. Ṣùgbọ́n àdúgbò àdúgbò ni wọ́n ti mú àwọn ìdílé nínú ìwádìí àkọ́kọ́, àwọn ará àdúgbò kan sì máa ń jọra, torí náà sọ ọ́ di ìlọ́po 1.5: 576. Tó bá jẹ́ ìdá 60 nínú 100 ni yóò gbé ìpè tí yóò sì parí ọ̀rọ̀, pín in pẹ̀lú 0.6: 960. Tó bá jẹ́ ìdá 40 nínú 100 ìdílé ló ní ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀, pín in pẹ̀lú 0.4: 2,400. Nọ́ńbà 2,400 nìyẹn, fún èsì kan ṣoṣo ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹkùn mẹ́fà wéra yóò ṣe é lọ́nà mẹ́fà. Bí àkọsílẹ̀ àtijọ́ bá fi ìdílé tó ní ọmọ hàn, mú àwọn yẹn nìkan, iye náà yóò já sí 960. Síbẹ̀, fi díẹ̀ kún un nínú àwọn tí kò ní ọmọ tẹ́lẹ̀, torí ọmọ lè ti dé.

Ọmọ wo, ta ló ń sọ̀rọ̀ fún un

Kò yẹ kí ìpè kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 25, ìdáhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú, "rárá" á pọ̀, bátìrì á kú. Nínú ogún ìṣẹ́jú, o kò lè béèrè nípa ọmọ mẹ́rin. Nítorí náà, kọ orúkọ àti oṣù ìbí gbogbo ọmọ inú ilé sílẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì mú ẹyọ kan láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Má ṣe jẹ́ kí olùdáhùn yàn. Tí o bá ní kó mú ọmọ kan, èyí tára rẹ̀ le tó sì ń ṣe dáadáa nílé ìwé ni yóò mú, ìfẹ́ ló sì máa ń fà á. Má ṣe jẹ́ kí olùpè náà yàn, torí yóò mú èyí tí ìbéèrè rẹ̀ kúrú. Tí a bá mú ọ̀kan nínú mẹ́rin, òṣùwọ̀n ọmọ náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin òṣùwọ̀n ilé. Tí a kò bá ṣe èyí, àwọn ọmọ inú ilé tí ọmọ pọ̀ sí yóò fara pamọ́ nínú èsì, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni oúnjẹ sábà máa ń kéré fún.

Ní báyìí, olùdáhùn. Ẹni tó ni fóònù nínú ilé sábà máa ń jẹ́ ọkùnrin tó ń jáde láàárọ̀. Béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà: "Ta ló wà pẹ̀lú ọmọ náà lánàá láti òwúrọ̀ dé alẹ́? Ta ló fún un ní oúnjẹ tó jẹ kẹ́yìn?" Ìbéèrè méjì yìí sàn ju "Ta ni olùtọ́jú ọmọ?" lọ, torí ọ̀pọ̀ bàbá ni yóò dáhùn pé àwọn ni, òótọ́ ni wọ́n sì ń sọ lójú ara wọn. Bó bá dárúkọ ẹlòmíràn, bẹ̀ ẹ́ kó gbé fóònù fún un, tàbí kó fún ọ ní nọ́ńbà rẹ̀, tàbí kó sọ ìgbà tí wọ́n á jọ wà nílé. Pé kí obìnrin máa pe obìnrin máa ń ṣèrànwọ́. Fún ìwé ìbéèrè ní ọ̀nà abájáde: bí a kò bá rí olùtọ́jú lẹ́yìn ìgbìyànjú mẹ́ta, kí ẹlòmíràn dáhùn ohun tí ojú rẹ̀ lè tó, bí i lílọ sílé ìwé, kí a fo ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti àìsàn. Kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀, ní ìpele kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó dáhùn ṣe jẹ́ sí ọmọ. Bí ìyá bá dáhùn ní oṣù kìíní, tí ẹ̀gbọ́n sì dáhùn ní oṣù kejì, ìyípadà tó hàn lè máà ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ọmọ rárá.

Ohun tí fóònù lè gbé, àti ohun tí kò lè gbé

Fóònù kò lè wọn gíga ọmọ. Kò lè dán iyọ̀ wò bóyá áyódìn wà nínú rẹ̀, kò lè yẹ omi wò bóyá kòkòrò ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Ó lè béèrè bóyá ọmọ ní ìwé ìbí, ṣùgbọ́n kò lè rí i. Ní ti àjẹsára, má bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ abẹ́rẹ́ mẹ́wàá lórí fóònù. Béèrè ohun tí òbí lè rántí: ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹ gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ láti oṣù tó kọjá, ṣé ẹ gbé e lọ, kí ló dé tí ẹ kò fi gbé e lọ? Tí káàdì bá wà nítòsí, ní kó mú un kó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún ọ.

Ọ̀nà kan wà láti mọ bí ara ọmọ ṣe rí láìsí níbẹ̀: tépù aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn òkè apá ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí 59. Pupa túmọ̀ sí pé apá kò tó mìlímítà 115, yẹ́lò túmọ̀ sí pé ó wà láti 115 sí 124, àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé ó pé 125 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti fún ìyá ní tépù tí wọ́n sì ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó nígbà ìbẹ̀wò ojúkojú, ó lè wọn ọmọ nígbà tí o wà lórí ìpè, kó sì sọ àwọ̀. Má béèrè iye mìlímítà. Bó bá pe pupa, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí o sọ ilé ìwòsàn tí yóò gbé ọmọ lọ fún un. Ìwádìí lè dúró díẹ̀, ọmọ yẹn kò lè dúró.

Oúnjẹ ọmọ oṣù 6 sí 23 ṣeé béèrè dáadáa. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni WHO àti UNICEF pín in sí: ọmú ìyá, oúnjẹ ọkà pẹ̀lú iṣu, ẹ̀gẹ́ àti irú wọn, ẹ̀wà àti ẹ̀pà àti irú wọn, wàrà àti ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe, ẹran àti ẹja, ẹyin, èso àti ẹ̀fọ́ tó kún fún fítámì A, èso àti ẹ̀fọ́ mìíràn. Ọmọ tó jẹ nínú ẹgbẹ́ márùn-ún, ó kéré tán, lánàá ló kúnjú òṣùwọ̀n. Ka ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú orúkọ oúnjẹ tí àwọn ará ibẹ̀ mọ̀, kí o dúró de "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" kí o tó bọ́ sí òmíràn. Olùpè tó bá béèrè pé "Kí ni ọmọ jẹ lánàá?" tó sì dákẹ́ yóò gbọ́ oúnjẹ tó tóbi nìkan. Ẹyin tí ọmọ pín jẹ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní í jáde.

Iṣẹ́ ọmọdé náà ṣeé béèrè bí a bá fi wákàtí ka á fún ọjọ́ méje tó kọjá. Òṣùwọ̀n MICS ni pé fún ọmọ ọdún 5 sí 11, wákàtí 1 iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọrọ̀ ajé ti pọ̀ jù. Fún ọmọ ọdún 12 sí 14, wákàtí 14. Fún ọmọ ọdún 15 sí 17, wákàtí 43. Iṣẹ́ ilé tó bá pé wákàtí 21 lọ́sẹ̀ ti pọ̀ jù fún ọmọ ọdún 5 sí 14. Má lo ọ̀rọ̀ náà "iṣẹ́" nìkan nínú ìbéèrè. Òbí á ní ọmọ òun kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń pọnmi, ó ń ṣọ́ ọjà, ó ń da ẹran. Dárúkọ iṣẹ́ wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ilé ìwé ní ìdẹkùn tirẹ̀. Bí ìpè bá bọ́ sí àkókò ìsinmi, "Ṣé ọmọ lọ sílé ìwé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?" yóò mú òfo jáde, ẹni tó bá ń wo àtẹ èsì á sì rò pé àwọn ọmọ ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Fi kàlẹ́ńdà ilé ìwé sínú ètò kọ̀ǹpútà kí ìbéèrè lè yí padà fúnra rẹ̀: "Ní ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé wọlé kẹ́yìn, ọjọ́ mélòó ni ó lọ?"

Gbogbo ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ ti etí. Lójúkojú, o lè fi káàdì han olùdáhùn. Lórí fóònù, ìdáhùn tó bá ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, èyí tí a kà gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń mú, torí òun ni wọ́n rántí. Pín ìbéèrè gígùn sí méjì. Kà á sókè fún ẹni tí kò rí ìwé náà rí, kó tún un sọ fún ọ lédè ara rẹ̀. Ibi tó bá ti kọsẹ̀ ni kí o tún kọ.

Ìbéèrè tí kò yẹ ká béèrè

Ìwà ipá sí ọmọ wà nínú MICS: bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń bá ọmọ ọdún 1 sí 14 wí. Lójúkojú, olùwádìí lè wo yíká, ó lè dákẹ́ bí ẹnì kan bá wọlé. Lórí fóònù, o kò mọ̀ bóyá sípíkà wà ní títàn, bóyá ẹni tó ń na ọmọ ló jókòó tì í. Ní 2020, UNICEF gbé ìlànà jáde tó kì wá nílọ̀ gidigidi lórí gbígba irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ènìyàn há mọ́lé, mo sì fara mọ́ ọn pátápátá. Bí kò bá sí ibi tí a lè darí ọmọ sí fún ìrànlọ́wọ́, tí olùpè kò sì gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀, má ṣe béèrè. Iye tó máa jáde kò tó ohun tí a lè fi kó bá ọmọ.

Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ jọ ọ́, bí i ìrẹ̀wẹ̀sì òbí tàbí ebi nínú ilé, ṣeé béèrè pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ibi tí ẹ wà báyìí gbà yín láyè láti sọ̀rọ̀?" Kọ ìbéèrè lọ́nà tí ìdáhùn yóò fi jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni," "rárá" tàbí nọ́ńbà, tí ẹni tó bá ń gbọ́ kò ní í fi mọ ohun tí a béèrè. Bá olùdáhùn fohùn ṣọ̀kan lórí gbólóhùn kan tó lè sọ bí ẹnì kan bá dé, bí i "Ẹ tún padà pè mí lọ́la, ẹ jọ̀ọ́." Bó bá ti sọ ọ́, dúpẹ́, kí o gbé fóònù sílẹ̀. Olùpè kò gbọdọ̀ ṣèlérí ohun tí kò wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà àwọn tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀, kí wọ́n sì ti pe àwọn nọ́ńbà yẹn wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé wọ́n ń gbé e.

Lórí ìpè

Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí orúkọ iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí àti nọ́ńbà tí yóò pè wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kí o máa lò láti ìpele kìíní dé ìparí. Kí ìgbìyànjú tó mẹ́fà, ó kéré tán, ní àkókò tó yàtọ̀: òwúrọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, àti òpin ọ̀sẹ̀. Ìgbìyànjú mẹ́fà láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbìyànjú kan náà ló jẹ́. Bí ìpè bá já, padà pè láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí o bẹ̀rẹ̀ níbi tó já sí. Owó ìpè tí o ṣèlérí fún olùdáhùn gbọ́dọ̀ dé kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì. Bí kò bá dé, má retí wọn ní ìpele tó ń bọ̀.

Kọ ìdí tí ìpè kọ̀ọ̀kan kò fi parí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: kò lọ, ó dún wọn kò gbé e, wọ́n kọ̀, nọ́ńbà kì í ṣe tiwọn, kò sí ọmọ nílé. Nọ́ńbà tí kò lọ ń fẹ́ nọ́ńbà mìíràn, ẹni tó kọ̀ ń fẹ́ olùpè mìíràn. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn sábẹ́ "a kò rí wọn" kò ní ohun tí yóò tún ṣe.

Ní ti àwọn olùpè, ka ìpè mẹ́jọ sí mẹ́wàá tó parí lójúmọ́ fún ẹnì kan bí ìbéèrè bá gba ogún ìṣẹ́jú. Kíyè sí ohun kan láti ọjọ́ kejì. Àwọn ìbéèrè kan wà tó jẹ́ ilẹ̀kùn: bí wọ́n bá dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", ìbéèrè mẹ́wàá tún ń bọ̀ lẹ́yìn, bí wọ́n bá dáhùn "rárá", ó parí. Kò pẹ́ rárá kí olùpè tó rí i. Ó lè má purọ́. Ó kàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbéèrè náà lọ́nà tí "rárá" fi máa rọrùn láti sọ. Nítorí náà, lójoojúmọ́, fi iye "bẹ́ẹ̀ ni" olùpè kọ̀ọ̀kan wé ti àwọn yòókù lórí àìsàn ọmọ, lórí iṣẹ́ ọmọ, àti lórí iye ọmọ tó wà nínú ilé. Ìyẹn kẹta ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ilé tí "kò sí ọmọ" ni ọ̀rọ̀ tó kúrú jù. Jẹ́ kí alábòójútó gbọ́ ohùn ìdá 10 nínú 100 àwọn ìpè, pẹ̀lú àṣẹ olùdáhùn, kó sì tún pe ìdá 5 padà fún ìbéèrè mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Àtẹ̀jíṣẹ́ àti ohùn tí a ti gbà sílẹ̀, tí ènìyàn ń tẹ 1 tàbí 2 fún, owó wọn kéré. O kò sì mọ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́. Fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, ìrántí àdéhùn nìkan ni mo máa ń fi wọ́n ṣe.

Ọmọ ń dàgbà, ìwádìí kò gbọdọ̀ gbàgbé

Bí o bá ń pe ìdílé kan náà lóṣooṣù, ọmọ oṣù 15 ní ìpele kìíní yóò pé oṣù 24 ní ìpele kẹwàá, yóò sì jáde kúrò nínú ìbéèrè oúnjẹ ọmọ oṣù 6 sí 23. Lẹ́yìn oṣù 18, kò ní í ku ọmọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn tó kù á máa dàgbà sí i, àwọn ọmọ tó dàgbà sí i sì máa ń jẹ onírúurú oúnjẹ ju ìkókó lọ. Ìlà orí àtẹ á máa gòkè, àwọn tó ń kà á á sì máa yọ̀, kò sì sí ohun tó yí padà ju ọjọ́ orí lọ. Ohun tó lè dènà rẹ̀ ni kí o béèrè ní gbogbo ìpele pé ṣé wọ́n bí ọmọ, ṣé ọmọ kan wá gbé, ṣé ọmọ kan lọ, kí o sì tún ọmọ mú láìwo ojú. Bí ọmọ bá lọ, béèrè ibi tó lọ, ọ̀dọ̀ ta ló wà, àti nọ́ńbà ibẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ ẹbí nítorí pé oúnjẹ kò tó nílé, bí a bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, ebi ilé yẹn náà ti pa rẹ́ nínú èsì.

Ní ti òṣùwọ̀n, ọ̀nà náà kò gùn. Ká sọ pé ìdílé kan dúró fún ìdílé 500 nínú ìwádìí ojúkojú. Bí ìdajì péré nínú irú wọn bá gbé ìpè, yóò dúró fún 1,000. Bí a bá mú ọmọ kan nínú mẹ́rin, ọmọ náà dúró fún ọmọ 4,000. Lẹ́yìn náà, tún gbogbo rẹ̀ ṣe kó bá iye tí ìkànìyàn fi hàn mu ní ti ẹkùn, ìgboro tàbí abúlé, ìwé tí olórí ilé kà, àti iye ènìyàn inú ilé. Bí òṣùwọ̀n kan bá ju ìlọ́po márùn-ún òṣùwọ̀n tó wà ní àárín gbogbo wọn lọ, gé e kù, kí o sì sọ pé o gé e.

Tọ́jú nọ́ńbà fóònù sínú fáìlì ọ̀tọ̀, kúrò lára ìdáhùn, pẹ̀lú àmì ìdánimọ̀ kan ṣoṣo láàárín méjèèjì, kí ènìyàn méjì péré ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Nínú ìròyìn tí o bá kọ, fi èsì fóònù wé èsì fóònù. Bí o bá fẹ́ fi í wé ti ojúkojú, àwọn ìdílé kan náà àti ìbéèrè kan náà ni kí o lò, láìyí ọ̀rọ̀ kankan padà nínú rẹ̀. Ní ojú ìwé kìíní, kí tábìlì àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tí o kò rí: iye ìdílé tí kò ní fóònù, iye tí kò gbé ìpè, àti iye ọmọ tí ẹlòmíràn dáhùn fún dípò ẹni tó wà pẹ̀lú wọn lánàá.